Ọ̀nàòdí, Ajá Hàrúnà Ará Ìgàndó

Hàrúnà Alájá ni gbogbo Ìgàndó ń pe Hàrúnà lásìkò ọdún 1988. Fọkanáísà ni, ọmọ onílẹ̀, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara. Èwo wá ni ti ajá? Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àárín ajá ló dàgbà sí. Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ kàn gbé omi sẹ́nu ọ̀nà ni, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní gbé itọ́ ajá wọlé bá òun. Hàrúnà a rẹ́rìn-ín, a sì wẹ̀ jàre.

Tẹlifíṣọ̀n ilé Oyèníran ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Aládùúrà ni Oyèníran, ọ̀rẹ́ àti ẹ̀gbọ́n ni fún Hàrúnà láti ọjọ́ tó ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Oyèníran wà lórí òkè àdúrà, Ìyábọ̀dé ìyàwó rẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, ni Hàrúnà bá rí àwọn ajá tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ pákó, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sáré ìje lórí yìnyín ní Àlásíkà. Ọkọ̀ tí kò ní táyà! Ó ní ebi ì bá ti pa òun níbẹ̀.

Ìtàn eré náà ló wọ̀ ọ́ lára. Láyé àtijọ́, àrùn ọ̀fun ń pa ọmọdé nílùú kan, yìnyín dí ọ̀nà, bàálù ò lè fò. Ajá ló gbé oògùn dé ibẹ̀, ọ̀wọ́ kan ń gbà á lọ́wọ́ òmíràn. Nígbà tó yá, tí ẹ̀rọ fẹ́ gba iṣẹ́ ajá, wọ́n dá eré ìje ọdọọdún sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé ajá. Kò sẹ́ni tó wá lẹ táyà tí Hàrúnà ò sọ ọ́ fún. Nígbà tí ajá rẹ̀ sì bímọ, ó mú abo kan, ó sọ ọ́ ní Ọ̀nàòdí.

Áà, Hàrúnà! Ọmọ ọdẹ ò mọ̀ pé orúkọ ajá la fi ń sọ ohun tí a ò lè sọ lójú aládùúgbò? Oṣù yẹn gan-an ni Oyèníran mọ ògiri dí ọ̀nà àbùjá tí Hàrúnà ń gbà lọ sí títì. Hàrúnà ò bínú o. Ilẹ̀ tí bàbá òun ti tà, kí ló tún kan òun? Àmọ́ láràárọ̀ ni yóò máa ké lẹ́yìn ògiri: "Ọ̀nàòdí! Ọ̀nàòdí, wá jẹun!"

Oyèníran ò kí i mọ́. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ pàápàá, Ìkòtún ló ń gbé e lọ. Ó dun Hàrúnà dé egungun, kò sì mọ ohun tó ṣe. Sàúdátù ló là á lójú.

"Bàbá Nàfíù, ẹ pe ajá yín, kí ẹ wá gbọ́ ọ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri."

Hàrúnà pè é lẹ́ẹ̀kan, ó sì káwọ́ lérí. Kíá ló gba ilé Oyèníran lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ro ìtàn àwọn ajá náà látòkèdélẹ̀. Ìyábọ̀dé ní òótọ́ ni, àwọn jọ wò ó ni.

"Ẹ̀gbọ́n, tìtorí àwọn ọmọ aláìsàn yẹn ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́, mo máa yí i padà."

"Má yí i," ni Oyèníran kàn sọ.

Hàrúnà lọ sílé láìmọ̀ bóyá ó ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà padà. Kò pẹ́ sí i, Oyèníran mú bíríkìlà wá, ó fi ilẹ̀kùn sára ògiri. Nígbà tí Ọ̀nàòdí bímọ, tí wọ́n sì já àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú, òun ló kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ ajá. Gbogbo àdúgbò wá ń retí orúkọ tó máa sọ ọ́.

Hàrúnà ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tó gbọ́ ohùn Oyèníran lódìkejì ògiri: "Mo-ti-gbọ́. Mo-ti-gbọ́, wá jẹun."

Ẹ̀rín pa Hàrúnà títí omi fi dànù nínú kẹ́tù, ó sì ní láti lọ bu òmíràn.