Kíhódà Tó Ń Dáhùn Àtẹ́wọ́

Ọjọ́ ìkórè ni kọ́kọ́rọ́ àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Inísà bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú àpò wọn. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ mí di ìránṣẹ́ èṣù.

Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkìrun ní ìparí àwọn ọdún 1980. Nǹkan ìṣeré oníbátìrì ni mò ń tà: mọ́tò tó ń forí sọ ògiri tó sì ń ṣẹ́rí padà, aago ọwọ́ tó ń ṣírò, òdòdó oníke tó ń jó bó bá ti gbọ́ orin. Àwọn bàbá máa ń wá láti Òkukù, wọ́n á ní ọmọ làwọn ń rà á fún, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ń jókòó tì í.

Ìlànà mi ni pé ojú oníbàárà ni màá ti dán ọjà wò. Màá sọ ohun tó ń ṣe, màá sì sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣe.

Kíhódà kan ló fa wàhálà, ìyẹn ohun tí a ń kọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù nínú ilé, ẹ ó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, yóò sì ké fíì-fíì níbi tó bá wà. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ariwo ló wà níbẹ̀.

Díákónì Oyèkúnlé, alága ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, ló kọ́kọ́ rà á. Gbogbo ìgbà ló máa ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó rà á fún gbogbo ẹgbẹ́ nítorí ìkórè. Mo dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lójú rẹ̀.

“Díákónì, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àtẹ́wọ́ ìyìn àti tilé.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá Ṣadé, ẹ tún ti sọ wá di ọmọ kíláàsì yín. Màá sọ fún wọn.”

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ sọ fún wọn pé ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́.

Nígbà tí pásítọ̀ ní kí a pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún Ọlọ́run, fíì-fíì ta láti ìjókòó àwọn ọkùnrin, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Pásítọ̀ rò pé etí òun ni, ó ní kí a tún un pa. Ó tún ké. Bàbá kan bọ́ agbádá sílẹ̀, ó sì sá jáde.

Wọ́n bi Díákónì léèrè. Ó ní Ìyá Ṣadé ló tà á fún àwọn, kò sì sọ pé nǹkan tó ń dáhùn ni. Ó ní òun yóò ju tòun sí odò Ọ̀tìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo dìde láti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, pé ìránṣẹ́ èṣù ni mí, pé obìnrin kì í bá díákónì jiyàn nínú ilé Ọlọ́run. Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n gba kíláàsì ọmọdé ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́ mi, èyí tí mo ti ń kọ́ láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Orin Dáfídì wá ń gba òdìkejì títì bí wọ́n bá rí mi.

Ó pẹ́ kí Díákónì tó tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bátìrì rédíò ló wá rà, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó kí mi bí ẹni pé a jọ jẹun láàárọ̀ ni. Mo rò ó pé ẹni tó máa ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri báyìí kò lè ju irú nǹkan yẹn sódò. Mo pàtẹ́wọ́ mẹ́ta.

Fíì-fíì, nínú àpò agbádá rẹ̀.

“Odò Ọ̀tìn ti gbẹ ni, sà?” Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú. Ojú ló tì mí lọ́jọ́ náà.”

“Mo gbọ́. Ẹ lọ sọ ọ́ lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.”

Ó ṣèlérí pé ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ ni. Mo tètè dé, mo sì jókòó síwájú. Ó ka ìfilọ̀ ìsìnkú, ó ka ti ìgbéyàwó, ó ká ìwé rẹ̀, ó sì ń padà síbi ìjókòó rẹ̀. Mo dìde níwájú gbogbo ìjọ, mo pàtẹ́wọ́ mẹ́ta.

Kò sí ohun tó ké. Ó ti yọ bátìrì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo ní kó kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun nìkan ló lò ó.