Gíríìsì Inú Ẹ̀rọ Àwo Bàbá Mi

Etí Màámi ń di lọ. Bí mo bá kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọn kì í gbọ́ mọ́, àfi kí n sún mọ́ wọn, kí n pariwo bí oníwàásù inú ọjà. Mo wá pinnu pé kí etí náà tó di pátápátá, dandan ni kí wọ́n gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi nìkan ni wọ́n bí. N kò tíì máa rìn nígbà tí bàbá mi kú. Àwo orin kan ṣoṣo ni ohùn wọn kù sí, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Jos ṣe nígbà tí bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Bàbá mi ló ń dá orin náà, àwọn yòókù ń gbè é. Àwọn àwo mìíràn ti fọ́, tàbí ẹni tó yá wọn kò dá wọn padà.

Ohùn inú àwo yẹn ni bàbá tí mo mọ̀. Ó nípọn, ó wúwo, ó ń falẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo náà a sì máa kùn gbùrùgbùrù lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣe ohun tí kò dáa ní kékeré, ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́ lọ́kàn mi tó ń bá mi wí. Ṣùgbọ́n Màámi kì í dúró gbọ́ ọ. Bí mo bá ti gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, wọ́n á dìde lọ sí ilé ìdáná. Mo gbà pé ọ̀fọ̀ ni, mi ò sì bi wọ́n rí.

Kíkùn ẹ̀rọ náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lé lọ, nítorí etí tó ti ń di ò lè yọ ohùn kúrò nínú ariwo. Mo tú u ní pálọ̀ wa ní àdúgbò Dadin Kowa ní Jos lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo fẹ́ràn títú nǹkan, àìsàn mi nìyẹn.

Oríṣi bíárìn méjì, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ẹ̀rọ ti ń yí, ni mo ti rí nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní òrùka tí wọ́n to bọ́ọ̀lù irin wínníwínní sí, bíi ti kẹ̀kẹ́. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá irin kan ló wà lábẹ́ pẹpẹ tó ń yí àwo, ó wọ inú ihò kan tó bá a mu gẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù irin kan tí kò tó ẹ̀wà sì wà nísàlẹ̀ ihò náà. Orí ẹyọ kan yẹn ni gbogbo ẹrù dúró lé. Bí ibi tí irin ti ń kan irin bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni yíyí rẹ̀ á ṣe rọrùn tó. Kò béèrè ju ẹ̀kán epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, irú èyí tí télọ̀ ń kán sí máṣíìnì.

Gíríìsì ni mo bá níbẹ̀, ó dúdú, ó ti gan bí ọ̀dà. Mo bú sẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ọwọ́ tó fi í síbẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tún táyà irin àwọn wágọ́nù ṣe ní rélùwéè. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, wọ́n á wá tọ́jú ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ wọn. Wágọ́nù tó kó tánganran, irin tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Jos, ń jẹ gíríìsì bí ẹní jẹ tùwó, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fún ẹ̀rọ kékeré yìí. Òtútù Jos á mú kí ó le, ẹ̀rọ á máa rọra yí, wọ́n á tún fi kún un. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á láti bú wọn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Mo fi kẹrosíìnì fọ ihò náà, mo kán epo sí i. Mo fi ìka ti pẹpẹ náà, ó ń yí lọ láìfọhùn. Bí mo ṣe mú àwo jáde, Màámi ti ń wá ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó lónìí!”

Wọ́n jókòó bí ẹni tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ etí wọn.

Ohùn tó jáde fúyẹ́, ó yá, ó ń ta pọ́nún bí ọmọkùnrin tó ń ṣe fáàrí. Mo rò pé mo ti ba ohùn bàbá mi jẹ́, mo sì nawọ́ láti pa á. Màámi gbá ọwọ́ mi mú.

“Kai! Fi í lẹ̀! Òun nìyí. Haba, òun nìyí!” Omi ń dà lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ohùn wọn ò wúwo ni?”

“Ohùn ta ni? Bàbá rẹ? Èyí tí ò ń gbé sí i tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tó fẹ́ kú nìyẹn. Mi ò lè jókòó gbọ́ ọ.”

Ó wá yé mi pé gíríìsì tó gan ló ti ń fa yíyí àwo sẹ́yìn, òun ló sọ ohùn wọn di wúwo. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Inú rẹ ń dùn sí i,” ni Màámi wí. “Toh, bàbá tí o ní nìyẹn. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ ni?”

Mo sunkún nígbà náà, n kò sì fi pamọ́. Ohùn tó ti ń bá mi wí láti kékeré ti lọ, ọmọkùnrin tí mo lè bí ló wà nípò rẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí orin parí, mo gbé abẹ́rẹ́ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, mo jókòó ti Màámi, mo ní kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ́ fún mi.