Amọtísọ̀ Tí Àna Gbé Wá

"Àkàndé ọkọ mi! Ọmọ a-gba-inú-igbó-má-ṣìnà, ọmọ a-lọ-jìnnà-mú-ire-bọ̀! Ọkọ Ṣìfáwù, baba Múníràtù, jáde lábẹ́ irin, kí o wá jẹun!"

Báyìí ni ìyá àgbà mi, Ṣìfáwù, ṣe máa ń kí ọkọ rẹ̀ láràárọ̀ nínú àgbàlá wa ní Adjamé, l'Abidjan. Ẹsẹ̀ bàbá àgbà mi nìkan là ń rí, bàtà rọ́bà ti bọ́ kúrò ní ọ̀kan. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ jíìpù. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyẹn ni ìdáhùn rẹ̀ sí oríkì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, mi ò pè é rí, mi ò sì ní pè é níbí. Ọmọ kì í pe baba ńlá rẹ̀ lórúkọ. Àwọn tó kù ni màá dárúkọ, torí mo rántí gbogbo wọn, wọ́n sì ti lọ tán. Èmi nìkan ló kù.

Òyìnbó agégẹdú kan ló ta jíìpù náà fún bàbá nígbà tó ti gbó. Nítorí ẹrọ̀fọ̀ ọ̀nà Divo, bàbá fi sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá gbé e sókè, débi pé àpótí ni ìyá àgbà mi ń gùn kó tó lè wọlé sínú rẹ̀. Ràkúnmí ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Aṣọ àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń kó lọ sí ọjà inú oko kòkó, ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Òórùn dísù àti òórùn álókò, ìyẹn dòdò, tí aládùúgbò ń dín, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ àǹtí mi Múníràtù, tó ń lọ kẹ-kẹ-kẹ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, òun ni àárọ̀ wa.

Ọdún tí mo kúrò nílé ìwé ni fọ́láàn jíìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fọ́láàn là ń pè é níbí, síárìn ni wọ́n ń pè é nílé. Bí ọkọ̀ bá ti sáré díẹ̀, tí táyà sì gba kòtò, ọwọ́ bàbá á máa gbọ̀n dé èjìká, eyín tèmi náà á máa kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yẹ gbogbo oríkèé iwájú wò, wọ́n le. Amọtísọ̀ fọ́láàn ló kú, ìyẹn ọ̀pá irin tí òróró wà nínú rẹ̀, tó nà ní ìbú lábẹ́ iwájú ọkọ̀, tí kì í jẹ́ kí táyà máa jó. Òróró rẹ̀ ti jò tán.

Bàbá ò sáré lọ ra òmíràn. Ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè títí táyà fi rọ̀ dirodiro, ó ní kí n jókòó sídìí fọ́láàn.

"Ìyá mi, yí i sọ́tùn-ún tán." Ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀ torí ojú mi jọ ti ìyá rẹ̀. Mo fi gbogbo ara yí i. Ó fi okùn kan wọn ibi tí amọtísọ̀ gbọ́dọ̀ nà dé lábẹ́, ó gé e. "Yí i sósì tán." Ó gé òmíràn.

Nígbà tó jáde, ó ní, "Ọkọ̀ tí a gbé sókè ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Bí amọtísọ̀ rẹ̀ bá kúrú, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi ni. Ewúrẹ́ fẹ́ lọ, okùn ò gbà."

A jọ lọ sí káàsì, ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù irin ọkọ̀, lọ́dọ̀ Sekù ará Júlà. Sekù ti rí wa lókèèrè.

"Anagó, ṣẹkọrọba! O tún mú ràkúnmí rẹ wá mu omi?" Anagó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ṣẹkọrọba sì ni bàbá àgbà lédè Júlà.

"Sekù, ẹnu rẹ ló ń ta ọjà. Irin rẹ ò mọ nǹkan kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Sekù kó amọtísọ̀ jọ síwájú rẹ̀ bí iṣu. Bàbá ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń fà á, ó ń tì í padà, ó ń gbé etí sí i. Ọ̀kan já wálẹ̀ lójijì láàárín. Ó ní ọ̀fun ìyẹn ti gbẹ. Òmíràn le jù. Ó ní èyí á dá òun lápá. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀kan tó gùn, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ẹrù kan ní èbúté Vridi. Ó fà á, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Èyí ń mí bí ẹni tó sùn," ó sọ fún mi. Okùn méjèèjì bá a mu. Àmọ́ ihò orí rẹ̀ tóbi ju ìdè jíìpù wa lọ, Sekù sì ní òun á gbé e fún alágbẹ̀dẹ, ká padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú ni àwọn àna dé. Alàájì Búráímọ̀ ni baba Jímọ̀, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àǹtí mi Múníràtù. Òun náà ń ta irin ọkọ̀, irin tuntun nínú páálí. Wọ́n to ẹrù ìdána kalẹ̀: obì, ṣúgà, aṣọ, abọ́ tánganran. Lẹ́yìn náà Alàájì tú aṣọ funfun kan. Amọtísọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán.

"A gbọ́ pé àna wa ń wá irin kiri láàárín àwọn Júlà," ó sọ ọ́ sókè. "Ìyẹn ò tọ́ sí wa! Ọkọ̀ tó bọ́ ìyàwó wa, àwa ni a ó máa tún un ṣe."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá gba irin náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fà á wò, ó sì dá a dúró.

"Ẹ ṣeun, àna mi."

Nígbà tí wọ́n lọ, Múníràtù ò tilẹ̀ bọ́ gèlè. "Bàbá, ó kúrú, àbí?"

"Ti jíìpù tó wà nílẹ̀ ni. Ó kúrú."

"Ẹ dá a padà."

"Dá kí ni padà?" ìyá àgbà mi dìde. "Ẹni tó bá dá ohun kan padà nínú ẹrù ìdána, ọmọ ló kọ̀ fún wọn. Ṣé torí irin ni ká ṣe di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Adjamé?"

"Kí wọ́n mú ọmọ wọn lọ! Ọkọ ò wọ́n ní Abidjan. Bàbá kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ẹ fi mí sílẹ̀," bàbá sọ. "Bí ìyàwó bá ti wọlé ọkọ, màá yọ ọ́."

Jímọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá dè é ní ọjọ́ kejì, ó ń kọrin. Kò gbé ọkọ̀ sókè, kò yí fọ́láàn wò. Bàbá ló ń na ìdè sí i. Lójú ọ̀nà tó gún, kí n má purọ́, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan Alàájì á wá kí wa, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, á fi han ẹni tó bá tẹ̀ lé e: "Irin mi nìyẹn." Ta ni yóò yọ ọ́ lójú rẹ̀? Nígbà tí alágbẹ̀dẹ parí èyí tó gùn lọ́dọ̀ Sekù, bàbá ní kó ṣì wà níbẹ̀. Sekù wò ó títí.

"Anagó, ṣé àna rẹ ni yóò wa ọkọ̀ náà ni?"

Bàbá san owó alágbẹ̀dẹ, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Wọ́n sún ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Òjò sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó máa ń fi ìyí kan wọ àgbàlá wa tẹ́lẹ̀, ó ń wọlé, ó ń fà sẹ́yìn, ó tún ń wọlé, torí fọ́láàn ò yí tán mọ́. Gbogbo wa ń wò ó. Ìyá àgbà mi á yíjú sí ibòmíràn.

Ìyá Kúbúrà aláṣọ ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà, lọ́nà Divo. Òun ló sọ ọ́ fún wa ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, apá rẹ̀ wà nínú ọ̀já. Ó ní omi ti jẹ ọ̀nà, táyà òsì já sí kòtò, bàbá yí fọ́láàn sọ́tùn-ún, fọ́láàn sì dúró gbọnin. "Ó ní, 'Ó ti dúró.' Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀." Jíìpù náà yí sínú àfonífojì. Ibẹ̀ ni bàbá kú sí.

Sekù bá àwọn tó lọ wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Ó wọlé wa, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní amọtísọ̀ náà nà tán pátápátá, ó tẹ̀ bí ọrun. Alàájì Búráímọ̀ wà níjòókòó.

"Kádàrá ni," Alàájì sọ. "Bí kò bá sí irin yẹn, nǹkan mìíràn ni ì bá jẹ́."

"Kádàrá ni," gbogbo àwọn ọkùnrin dá a lóhùn. Ìyá àgbà mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, àna wa." Mo gbọ́ ọ. Mi ò dárí ji ìyá àgbà mi títí ó fi kú, mi ò sì mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí n dárí ji òun.

Múníràtù ò fẹ́ Jímọ̀ mọ́. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ó ru ẹrù ìdána náà lórí fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ó gba àárín ọjà Adjamé kọjá, ó sì kó o kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ Alàájì. Ẹnì kankan ò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n kàn yà fún un ni. Gbogbo ìtìjú tí a ń bẹ̀rù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti darúgbó. Ẹ̀bùn kì í wọlé mi kí n má tú u lójú ẹni tó gbé e wá, bí kò bá sì bá mi mu, màá ní kó máa gbé e lọ. Àwọn ọmọ mi ní mò ń ti àwọn lójú láàárín àna àwọn. Mo ní kí ojú máa tì wọ́n, kí wọ́n ṣáà wà láàyè.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin bàbá àgbà mi, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, sí itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí. Òjò ń rọ̀. Àwa obìnrin dúró sílé.