Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ Sí Àárẹ̀

Òórùn òróró máṣíìnì àti ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ekenwan Road, ní ìlú àwọn Ẹ̀dó, nítorí ìyàwó mi ló ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó sójà inú bárékì tó wà nítòsí wa. Ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dún ju máṣíìnì lọ. Ọ̀rẹ́ mi, ọdún kan ni òórùn yẹn ṣàdédé pòórá. Ìyàwó mi á jókòó láti àárọ̀ títí ọ̀sán, á tẹjú mọ́ aṣọ tó ti gé sílẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Kò jẹun, kò sùn. Bí mo bá béèrè, gbólóhùn kan náà ni: "Ó sú mi." Iṣẹ́ ni mo rò pé ó sú u, mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò jẹun láti ìjọ́ yìí!

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ló wá gba aṣọ, tó wò ó lójú, tó fà mí sẹ́yìn ilé: "Papa, carry Mama go see doctor wey dey treat mind." Inú bí mi. Mo ní ìyàwó mi kò ya wèrè. Ó ní, "Who talk say she dey craze? Na sickness." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọjọ́ kẹta, a lọ, èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa tó ń lọ sí yunifásítì ní Ugbowo.

Dókítà náà, obìnrin Ẹ̀dó, kò gbọ́ Yorùbá. Pijin tí ìyàwó mi fi ń bá oníbàárà ṣàwàdà lójoojúmọ́ ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ni mo bá di ògbufọ̀. Ìyàwó mi ní, "Ayé sú mi." Ìtìjú mú mi. Mo ní, "Doctor, she say she don tire."

"Daddy, no be so!" Ọmọ wa ni, ọmọ tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. "She say she don tire for life."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ká bi í bóyá ikú ń wù ú. Mo yíjú sí fèrèsé. Ọmọ wa ló kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó fi Yorùbá wíwọ́ rẹ̀ béèrè: "Mọ́mì, ẹ fẹ́ kú?" Ìyá rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó bú sẹ́kún.

Ìbànújẹ́ ọkàn tó ti di àìsàn ni dókítà pè é. Ó fún un lóògùn, ó ní a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ó sì kìlọ̀ pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó mọ̀ ọ́n, ká má dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń lọ, tí òun àti dókítà á jókòó sọ̀rọ̀, ọmọ wa á sì máa túmọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo gbóòórùn òróró máṣíìnì.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ní ìpàdé àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ dìde: "Dókítà ọpọlọ ló wò mí o. Ẹni tí ayé bá sú, kó wá bá mi, màá mú un lọ." Àwọn méjì sì tẹ̀lé e.

Títí dòní, bí ìyàwó mi bá ti ní, "Dádì, ó rẹ̀ mí," màá béèrè pé, "Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, àbí ó sú ẹ?" Á bú sẹ́rìn-ín: "Ó rẹ̀ mí ni o, bàbá ògbufọ̀!" Mo ti wá mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọmọ tí a ní kò gbọ́ Yorùbá ló kọ́ mi.