Igi Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Gbìn

N kò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá ń mu tíì láàárọ̀, n ó ti dìde kí ife tó ṣófo, n ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, n ó wo àwọn ewé, n ó padà wọlé, n ó sì tún jáde. Àwọn ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Kí n wá ṣe kí ni? Àwọn tó fẹ́ kí n kúrò nínú ilé yìí ṣì wà láàyè. N kò ní fún wọn ní ìdùnnú yẹn.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí mo gbin igi ọsàn kan sí ẹ̀yìn ilé yìí, ní agboolé ọkọ mi ní Ẹdẹ. Ọsàn lásán ni, kò tíì ga dé orúnkún. Ìyá ọkọ mi fà á tu lójú mi, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ dànù bí ẹni tó ń gbọn erùpẹ̀ lára ẹ̀pà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, gbin ata. Gbin ẹ̀fọ́. Bí o bá fẹ́, gbin ẹ̀gẹ́ kó kún ibí yìí. Ṣùgbọ́n igi tó ń pẹ́, ẹni tó bá gbìn ín ló ń ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ilé ọkọ lo wá, o ò wá gba ilẹ̀."

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi wọlé, ó wá ní, "Jọ̀ọ́, má bínú, ọsàn pọ̀ lọ́jà." Ó ti kú báyìí. Kí Ọlọ́run forí jì í. Èmi kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin náà kì í ṣe ti ìyá ọkọ mi nìkan. Gbogbo àgbà ìlú yìí ló mọ̀ ọ́n: ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin àgbàdo, kò gbọdọ̀ gbin kòkó. Igi ni ẹ̀rí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ka ìyàwó ilé mọ́ àlejò, kódà lẹ́yìn tó ti bímọ fún wọn, tó ti bá wọn sin òkú wọn, tí orí rẹ̀ ti funfun.

Igi kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé nígbà náà ni máńgòrò tí bàbá ọkọ mi gbìn. Ẹ mọ irú rẹ̀: kékeré, kíkan, olókùn, èyí tí yóò há sí èèyàn léyín títí di ọjọ́ kejì. Ewúrẹ́ gan-an a máa rò ó kó tó jẹ ẹ́. Lọ́dún kan, ìjì ṣẹ́ ẹ, ó ku kùkùté tó ga dé àyà mi. Nígbà tó yá, ọ̀mùnú tuntun rú yí orí kùkùté náà ká.

Ní àkókò yẹn, olùkọ́ Bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n kó àwa olùkọ́ lọ sí oko ìwádìí kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti rí máńgòrò tí wọ́n fi oríṣi méjì bí. Ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ ń so wọ̀ǹtìwọnti, èkejì dùn bí oyin, ọmọ wọn sì jogún méjèèjì. Mo tọrọ ẹ̀ka rẹ̀ mélòó kan, mo fi aṣọ tútù wé wọn, mo gbé wọn lé itan títí mo fi dé Ẹdẹ. Mo mú abẹ, mo gé orí àwọn ọ̀mùnú kùkùté yẹn, mo la wọ́n láàárín, mo gbẹ́ ìdí ẹ̀ka tuntun náà ṣóṣóró, mo tì í bọ ojú ibi tí mo là, mo sì fi ọ̀rá dì í pinpin. Ìyá ọkọ mi ń wò mí láti ojú fèrèsé.

"Kí lò ń ṣe sí igi bàbá wọn?"

"Mò ń di ọgbẹ́ rẹ̀ ni, mà."

Ó pòṣé, ó ti fèrèsé. Òun náà ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ nígbà tó so. Máńgòrò ńlá ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, kò lókùn rárá, kóró inú rẹ̀ sì pẹlẹbẹ bí ahọ́n. Ó jẹ ẹ́ lọ́dọọdún títí eyín fi tán lẹ́nu rẹ̀, kò fi ẹnu kan náà dúpẹ́. Àwọn onímọ̀ igi ń ka máńgòrò mọ́ èso olókùúta: ẹran rírọ̀ lóde, òkúta nínú. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀ gbé.

Èyí tó le jù nínú wọn ni àbúrò ọkọ mi. Ọmọ kékeré ni nígbà tí mo wọlé. Mo pọ̀n ọ́n, mo nu ikun imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti wà láyé kí n tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún mi. Èmi ni mo ń kúnlẹ̀ kí i, tí mo ń pè é ní "ọkọ mi kékeré", tí mo ń sọ "ẹ" fún un. Òun ń pè mí ní "Ìyàwó" títí di òní, ó sì ń sọ "o" fún mi níṣojú àwọn ọmọ mi tó ti di ìyá ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ó kọ́ yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ igi náà. Gbogbo ẹni tó ní àlàfo ní Ẹdẹ báyìí ló ń kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ kan ni ó wá bá mi.

"Ìyàwó, igi yìí ti ga jù. Máńgòrò ń bọ́ lu páànù mi, àwọn ọmọ ń gun òrùlé. A ó gé e."

"Ẹ gé ẹ̀ka tó wà lórí páànù, ọkọ mi. Ẹ má fọwọ́ kan ìdí."

"Ta ló ni ìdí?"

"Bàbá yín ni."

"Ta ló wá ni orí?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ pe ẹbí jọ. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, a pé sí pálọ̀ olórí ẹbí. Bàbá náà wò mí láti orí àga rẹ̀.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní o ní igi lọ́dọ̀ wa."

"Mi ò ní igi, Bàbá. Ẹ̀ka ni mo ní."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé obìnrin pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ta ló ń ni irun tí kì í ni orí?"

"Ẹni tó ra wíìgì ni," mo dá a lóhùn. Òun alára ló dé wíìgì. Olórí ẹbí fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí obìnrin náà fi yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀rín kò yí ìdájọ́ padà. Olórí ẹbí ní gbòǹgbò ni igi, ẹni tó gbin gbòǹgbò ló ni í, ohunkóhun tó bá sì rú láti ara rẹ̀, ti ẹbí ni. Mo dìde.

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo yín. Ibi àpá tó wú lára igi yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e lókè àpá, máńgòrò dídùn ni yóò tún rú. Bí wọ́n bá gé e nísàlẹ̀ àpá, ti bàbá yín ni ẹ ó padà máa jẹ."

"Tíṣà!" ni àbúrò ọkọ mi ké. "O tún ti gbé ìwé dé. Igi kan ṣoṣo, omi kan ṣoṣo ló ń mu, ó wá fẹ́ so oríṣi méjì? Ìyàwó fẹ́ kí àpá yẹn ṣẹ́ kù ni, kó lè máa nawọ́ sí i pé tòun ni. Nítorí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe máa gé e nísàlẹ̀."

Nígbà tí oníṣẹ́ gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé, ó béèrè ibi tí yóò ti gé e. Àbúrò ọkọ mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí abẹ́ àpá, ó sì bojú wò mí. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. N kì í tún ẹ̀kọ́ sọ fún ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Igi náà wó pẹ̀lú ọmọ tútù lórí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré wá ṣà wọ́n láti fi iyọ̀ jẹ. Mo wọ àárín ẹ̀ka, mo ń gé ṣóńṣó wọn, mo ń dì wọ́n sínú aṣọ tútù.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, Ìyàwó? Igi ìdáná?"

"Ohun tó wà lára gbòǹgbò ni wọ́n ní ó jẹ́ tiyín. Èyí ti kúrò lára rẹ̀."

Mo ti ní kóró máńgòrò tó hù nínú àpò ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tí mo rà ní Sẹ́kọ́nà. Igi inú àpò, ta ni yóò sọ pé mo gbìn ín sórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni? Mo so àwọn ẹ̀ka náà mọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni ìjókòó ti sú mi. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń tẹ ọ̀rá wò. Àwọn mìíràn dúdú, wọ́n kú. Àwọn mìíràn yọ ewé pupa wínníwínní.

Kùkùté náà rú pẹ̀lú. Àbúrò ọkọ mi pè mí tayọ̀tayọ̀.

"Ìyàwó, wá wò ó! O ní kò ní dáa?"

Mo já ewé kan, mo fọwọ́ rún un, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn líle bíi kẹrosíìnì, ti máńgòrò olókùn àtijọ́ gan-an. Ó ti ń ṣèlérí máńgòrò dídùn fún àwọn ayálégbé rẹ̀. "Ó rú dáadáa, ọkọ mi," ni mo wí. Àdúrà mi kò pọ̀ mọ́ báyìí: kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gé èso rẹ̀ jẹ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ó ní àwọn àpò mi dí ọ̀nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí n kó wọn kúrò. Mo wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìdí kànga. Èyí tó ga jù kò mira. Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ tọ abẹ́ rẹ̀: gbòǹgbò ti lu àpò jáde, ó ti wọlẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ìró sálúbàtà àbúrò ọkọ mi.

"Mo ní kó o kó wọn kúrò."

"Mo ti kó wọn. Èyí ló kọ̀."

Ó kó agbádá rẹ̀ léjìká, ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á. Ó tún fà á. Ó na ẹ̀yìn tùú, ó di ìbàdí mú.

"Ta ló gbin èyí sílẹ̀?"

"Ẹ bi í."

Ó wo ìdí àpò, ó wò mí, ó sì gba ọ̀nà ilé olórí ẹbí lọ. Mo lọ fa omi nínú kànga, mo bù ú sí ìdí igi náà dáadáa. Lẹ́yìn ìrun, wọn yóò dé. Kí wọ́n máa bọ̀.