Bí Ọkọ Mi Ṣe Fi Erékùṣù Pamọ́ fún Ìyá Rẹ̀

Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya erékùṣù sójú pátákó ju iye ìgbà tí mo ti gún iyán lọ, obìnrin Ìkéré ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká: bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá kà á fún yín. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè ní kíláàsì, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti dé ọ̀kan rí?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọdún tó ń bọ̀ ni màá fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tó ta ọṣẹ títí láìwẹ̀.

Mo wá sọ fún ọkọ mi pé lọ́lidé yìí, bó ti wù kó rí, ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ tẹ erékùṣù. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Olùkọ́ ni òun náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí àfi ìgbà tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ọlidé fi fẹ́ tán lọ́wọ́ wa. Mo ní kí á lọ bá obìnrin kan ní Adó tó máa ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò. Ó wò mí tìyanutìyanu.

"Èjẹ́ńtì? Kí ni èjẹ́ńtì mọ̀ tí fóònù mi ò mọ̀?"

Ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dúró nílé wa ni ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọkọ mi gbé àga lọ síbẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé awò sójú, ó di èjẹ́ńtì. Ó rí erékùṣù kan nísàlẹ̀ Íńdíà tí wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ èèyàn kó tó débẹ̀. Ó rí òtẹ́ẹ̀lì. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí: bẹ́ẹ̀dì funfun, òdòdó lórí bẹ́ẹ̀dì, tówẹ̀lì tí wọ́n ká bí ẹyẹ.

"Òkun ńkọ́?" mo bi í.

"Kò jìnnà."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo máàpù. Ẹ̀yìn ọjà ẹja ni òtẹ́ẹ̀lì náà wà, ó kọ̀yìn sókun. Mo tún rán an létí pé àsìkò òjò ni Ọ́gọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, nítorí ọdọọdún ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa òjò ọ̀hún. Ó ní ta ló sọ fún mi pé òjò máa ń rọ̀ sórí àlejò. Ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí kò wọ́n nítorí pé kò ṣeé yí padà. Ó ní èjẹ́ńtì ì bá ti rẹ́ wa jẹ.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ra fìlà ráfíà kan tí etí rẹ̀ fẹ̀, mo máa ń dé e níwájú dígí nígbà tí ojú ẹnikẹ́ni ò bá sí lára mi.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pariwo ìrìn àjò. Ẹni tó ń kọ́lé á ní òun ń bá ọ̀rẹ́ ra sìmẹ́ǹtì ni. Ẹni tó ń lọ ìlú òyìnbó á ní Ìbàdàn lòun ń lọ, ó di ìgbà tí fọ́tò yìnyín bá dé kí àwọn ará ilé rẹ̀ tó mọ̀. Ayé là ń sá fún. Kò sẹ́ni tó mọ ojúlé tí ayé ń gbé, síbẹ̀ gbogbo wa là ń purọ́ fún un. Ọkọ mi wá ṣe tirẹ̀ ní àṣejù. Àwọn ọmọ wa pàápàá ò gbọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè láti Ìsẹ̀, tí wọ́n ń béèrè bóyá a máa wá jẹ iṣu tuntun, ó ní, "Mọ́ọ̀mi, ìpàdé kan ń gbé wa lọ Àbújá." Ọjọ́ bàálù wa gan-an ló dá fún ìpàdé ọ̀hún. Ó wá ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tó gbá góòlù wọlé.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n yìí ò rántí ni pé Àbújá ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé, àti pé oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìpè yẹn tó fi bímọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí a fẹ́ wọ bàálù, takisí kan dúró níwájú ilé wa. Ìyá ọkọ mi ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ àpò iṣu kalẹ̀, wọ́n sọ gálọ́ọ̀nù epo kalẹ̀, wọ́n sọ kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú kalẹ̀, wọ́n wá fa adìyẹ kan jáde tí wọ́n ti so lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó mi, o kú ulé o," ni wọ́n wí. "Uṣu tuntun tí ẹ ò lè wá jẹ rè é. Olúwa ló mú ìpàdé yín bọ́ sásìkò. Ẹ ó gbé mi dé Àbújá kí n lọ wẹ ọmọ."

Mo fa ọkọ mi wọ ilé ìdáná. "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Kí n sọ fún ìyá mi pé mo purọ́ fún wọn? Kílẹ̀ tó ṣú, Ìsẹ̀ á ti gbọ́, Èmùré á ti gbọ́!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́! Àbí kí èmi nìkan lọ?"

"Kí ni màá wá sọ fún Mọ́ọ̀mi pé o lọ ṣe?"

Ó ní òun á yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ó padà sídìí táǹkì, ó pe àwọn oníbàálù, ẹ̀rọ ló gbé e. Ọkọ mi kí ẹ̀rọ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ ní kó tẹ ení, ó tẹ ení. Ó ní kó tẹ èjì, ó tẹ èjì. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti ọmọ tuntun fún un, ẹ̀rọ sì kọ orin fún un. Nígbẹ̀yìn wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé inú àwọn dùn pé ó pe àwọn, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣeé yí. Ká ní obìnrin Adó ló ṣe é fún wa ni, à bá rí ilẹ̀kùn tí a máa kàn.

Inú bí mi débi pé omi ń lé sí mi lójú. Nígbà tí mo wọ pálọ̀, ìyá ti rí fìlà mi, wọ́n ń fi í fẹ́ ara wọn. Wọ́n ní ṣé oòrùn Àbújá le, ṣé kí àwọn máa dé e lọ. Mo ní kí wọ́n máa dé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gba ọ̀nà Kábbà. Iṣu wà ní búùtù, adìyẹ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá, fìlà mi wà lórí wọn. Wíńdò ni mo kọjú sí láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Nígbà tí a gun afárá Odò Ọya lẹ́yìn Lọ́kọ́ja, ó tẹ bíréèkì díẹ̀, ó nawọ́ síta.

"Tíṣà, wò ó. Erékùṣù."

Òkìtì iyanrìn ni, pẹ̀lú koríko ṣákaṣàka àti màlúù mélòó kan. Omi yí i ká lóòótọ́.

"Ilẹ̀ tí omi yí ká," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ọ̀tọ̀ lèyí tí ò ń kọ́ wọn?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo fi igbe ta. "Bàálù wa ń gbéra l'Ékòó báyìí, màlúù lẹ wá ń fi hàn mí!"

Ìyá jókòó dáadáa lẹ́yìn wa. "Bàálù wo?"

Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún. Tiwa ò kọjá Odò Ọya. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́: erékùṣù, tíkẹ́ẹ̀tì, ìpàdé tí kò sí. Ọkọ mi di sítíárì mú gírígírí.

"Mọ́ọ̀mi, ẹ má bínú," ó wí. "Ayé la sá fún."

Ìyá tẹ̀ síwájú. "Ṣé èmi náà ni ayé?"

Ọkọ mi kọjú sọ́nà.

"Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa gbéra lọ Àbújá láàárọ̀ òní," ni wọ́n wí. "Wọ́n bẹ̀ mí kí n bá wọn lọ. Mo ní rárá, ọmọ mi ń lọ, òun ni yóò gbé mi. Ká ní o sọ fún mi ni, inú bọ́ọ̀sì ni ǹ bá wà, ǹ bá máa gbàdúrà fún yín."

Wọ́n ṣí fìlà náà lórí, wọ́n nà án sí mi láti ẹ̀yìn.

"Gbà, ìyàwó mi. Mi ò mọ̀ pé òkun lo rà á fún."

Mo gbà á. Orí itan mi ló wà títí a fi dé Àbújá.