Màmá Tọ́lá, Mo Ti Wo Fíìmù Náà

Yéè! Ikú dóró! Màmá Tọ́lá, abiyamọ tòótọ́, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ẹni láìdáa, ó dìgbà o! Ẹ ní kí n wo fíìmù kan, kí n wá sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Mo ti wò ó. Mo gbé èsì dé ilé yín ní Oyigbo, mi ò bá yín mọ́. Ta ni kí n wá jẹ́ ẹ fún?

Àwọn tó ń ka ìwé ìdárò yìí lè má mọ̀ mí. Ìyá Ṣeun ni ẹ̀ ń pè mí, ìyàwó ọlọ́pàá tí ìjọba gbé wá sí Port Harcourt ní ọdún 1999. Ọkọ mi kì í gbélé. Mi ò gbọ́ Píjìn, mi ò mọ ẹnì kankan, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ìyàwó aṣọ́bodè, lẹ rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo dá jókòó. Ẹ ò béèrè pé kí ló ń ṣe mí. Ẹ kàn yọ kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Yorùbá kan nínú báàgì yín, ẹ ní, "Lọ wò ó. Tó bá di Sọ́ńdè, wá sọ ohun tí o rí níbẹ̀ fún mi."

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kì í sọ ìparí fíìmù fún mi láéláé, ẹ ní ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ ẹran inú ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìsìn, n ó jókòó sí pálọ̀ yín, èmi adájọ́, ẹ̀yin lọ́yà. Kò sí ìyálé burúkú tàbí ọmọkọ́mọ tí ẹ kì í wá àwíjàre fún. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n, ẹ ó ní, "Ìyá Ṣeun, ṣé o mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí kó tó débẹ̀ ni?" Inú á bí mi. N ó jẹ ìrẹsì yín tán, n ó sì gba kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ sílé.

Fíìmù Yorùbá ò wọ́pọ̀ nílùú yìí nígbà náà. Ní Oil Mill Market, ọkùnrin tó ń tà á fún wa kò gbọ́ Yorùbá, àwòrán ara páálí ló fi ń dá wọn mọ̀. "Madam, carry this one, e go make you cry!" Kò parọ́, àmọ́ apá kejì ló tà fún wa, kò sì ní apá kìíní. Bí a ṣe tan fíìmù, obìnrin kan ló ń sunkún lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, gbogbo ilé ń lé e, a ò mọ ohun tó ṣe. Mo ní ká dá a padà. Ẹ ní rárá o, ká fi orí ara wa ṣe apá kìíní. Mo ní olè ni. Ẹ ní wọ́n purọ́ mọ́ ọn ni. A jiyàn obìnrin yẹn títí òjò tó ká wa mọ́lé fi dá. Ìgbà tí apá kìíní máa fi dé, àṣé ó fún ìyàwó kejì ní májèlé jẹ! Mo dìde, mo jó yí pálọ̀ yín ká. Ẹ mi orí, ẹ ní, "Ẹni tó ṣe fíìmù yẹn ni kò mọ̀ ọ́n dáadáa."

Kásẹ́ẹ̀tì di síídì, síídì di fóònù. Ikú mú Bàbá Tọ́lá lọ, ó mú Bàbá Ṣeun náà lọ. Àwọn ará wa ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ń padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi, Píjìn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Bí mo bá ní kí wọ́n bá mi wo fíìmù, òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ ká sunkún. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè sọ pé "ẹ gbọ́ ná" fún.

Àìsàn wá dé bá yín. Tọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, wà lókè òkun, kò wá. Ẹ mọ ẹnu mi, mo sọ ọ́ lójú yín: "Irú ọmọ wo nìyẹn?" Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ẹ pè mí lórí fóònù, ohùn yín ò ròkè mọ́. Ẹ dárúkọ fíìmù kan. Ẹ ní ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò délé títí wọ́n fi sin ìyá rẹ̀. "Wò ó, Ìyá Ṣeun. Tó bá di Sọ́ńdè, wá sọ fún mi bóyá o lè dárí jì í." Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ ìparí!

Mo wò ó dé ìparí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀ ní Oyigbo, mo ti to ẹjọ́ ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́nu. Àfi bí mo ṣe rí àga níta, tí aládùúgbò yín sì di ọwọ́ mi mú: "Sorry o, my sister. Mama Tola don go."

Nínú yàrá, wọ́n ti gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí yín. Tọ́lá ló ń ké nínú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó ní ìwé ìgbélùú òun kò tíì jáde, bí òun bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kóun wọlé mọ́. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ ní kóun má wá, ẹ sì ní kóun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Màmá Tọ́lá, èsì mi rè é. Ọmọ inú fíìmù yẹn, mi ò tíì lè dárí jì í, ẹ ò sì sí mọ́ kí ẹ bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n Tọ́lá, mo mọ̀ pé wọ́n á fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ: o ò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹni tó bá sọ pé o jẹ̀bi, kó wá bá mi. Ọjọ́ yòówù kí o dé, ilé mi ni kí o kọ́kọ́ yà, èmi ni n ó mú ọ lọ síbi tí a tẹ́ ìyá rẹ sí.

Sọ́ńdè tún ń bọ̀, mi ò mọ ibi tí n ó yà sí lẹ́yìn ìsìn. Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tọ́lá. Ẹ sùn re o, ọmọ yín ti ní ìyá.

Èmi ni, àbúrò yín,
Ìyá Ṣeun